Ìtọ́jú Ẹ̀dọ̀ Tí Àpò Omi Kún Inú Rẹ̀, Láìlo Ọ̀bẹ

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àpò omi wẹẹrẹ kún inú ẹ̀dọ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Àìsàn náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í ranni. Àjogúnbá ni: bí òbí kan bá ní in, ọ̀rọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè, ó lè kàn án, ó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní irú àpò bẹ́ẹ̀ nínú kíndìnrín pẹ̀lú, nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n yẹ kíndìnrín yín wò, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín.

Ẹ̀dọ̀ tó kún fún àpò omi ṣì sábà máa ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Títóbi rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ikùn á wú, òkèlè díẹ̀ á ti yó èèyàn, ẹ̀yìn á máa ro, mímí á máa nira. Ìnira yìí la fi ń pinnu ìtọ́jú, kì í ṣe iye àpò tí wọ́n kà nínú àwòrán. Ẹni tí ara rẹ̀ dá kò nílò oògùn kankan. Bí dókítà bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò pa yín tì. Òtítọ́ ló sọ.

Ẹ̀yin obìnrin, ẹ kíyè sí èyí

Àìsàn yìí máa ń le lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, torí họ́mọ̀nù estrogen ń mú kí àwọn àpò náà dàgbà. Bí ẹ bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen, tàbí họ́mọ̀nù tí wọ́n fún yín lẹ́yìn tí nǹkan oṣù dáwọ́ dúró, ẹ sọ fún dókítà kí ó bá yín wá òmíràn. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé yìí, èyí ló rọrùn jù, síbẹ̀ ó rọrùn láti gbàgbé.

Àpò ńlá kan ni, àbí kéékèèké púpọ̀?

Ẹ bi dókítà ní ìbéèrè yìí gan-an, torí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín.

Bí àpò ńlá kan, tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, bá ń fa ìnira, wọ́n lè fa omi inú rẹ̀. Wọ́n á pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n á máa fi ẹ̀rọ ultrasound wo ọ̀nà, wọ́n á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, omi á sì jáde. Bí wọ́n bá fà á lásán, ó máa ń kún padà, nítorí awọ inú àpò náà ló ń sun omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da ethanol (irú ọtí líle kan) tàbí oògùn mìíràn sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí awọ náà lè kú, kí wọ́n tó fà á jáde. Bí àwòrán ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà bá tún fi omi hàn, ẹ má sáré ní kí wọ́n tún un ṣe. Omi díẹ̀ máa ń padà, lẹ́yìn náà àpò náà á máa sún kì fún nǹkan bí oṣù 6. Sùúrù ló kù.

Bí ó bá jẹ́ kéékèèké púpọ̀, fífà kò lè tán. Abẹ́rẹ́ lanreotide tàbí octreotide, tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 4, ni wọ́n máa ń lò. Ó ń dín omi tí àwọn àpò náà ń sun kù. Ẹ má retí pé ikùn á fò lọ: ẹ̀dọ̀ ń fi ìdá díẹ̀ péré nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò lè jẹun yó, díẹ̀ náà tó nǹkan. Bí wọ́n bá dá a dúró, ẹ̀dọ̀ á tún máa wú. Abẹ́rẹ́ náà lè mú kí ìgbẹ́ ṣàn, kí inú máa run, kí òkúta wà nínú òróòro. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ náà lè yí padà, kí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tètè sọ.

Àwọn ilé ìwòsàn ńlá kan tún máa ń dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ àwọn àpò náà. Ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa nìkan ni kí ẹ ti gbà á. Wọ́n ti dán oògùn kan tó ń jẹ́ ursodeoxycholic acid wò. Kò dín títóbi ẹ̀dọ̀ kù.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Bí ibà bá dé pẹ̀lú ìrora lábẹ́ ìhà ọ̀tún, kòkòrò àrùn lè ti wọ inú àpò kan. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oògùn apakòkòrò bíi ciprofloxacin ni wọ́n sábà ń lò, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ẹ lò ó tán, bí ibà bá tilẹ̀ ti lọ ní ọjọ́ kẹta. Ìrora ńlá tó dé lójijì láìsí ibà lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú àpò. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ẹyinjú bá sì di yẹ́lò, tàbí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, àpò kan lè máa tẹ ọ̀nà òróòro tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.