Bí Mo Ṣe Yẹ Ìjẹ́rìí Chip TPM Wò Láti Tẹ́mínà

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni tẹ́mínà kọ sí mi lójú: `Verified OK`. Inú mi dùn débi pé mo dìde lórí àga. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wá ọ̀nà tí chip TPM 2.0 (chip ààbò tó ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́) inú sáfà (server) kan tó jìnnà sí mi yóò fi jẹ́rìí fún mi pé ohun tí mo fi sórí ẹ̀rọ náà ló fi ń tan, pé ẹnikẹ́ni ò tíì yí i padà lẹ́yìn mi. Ìjẹ́rìí ti dé wàyí, ìbuwọ́lù rẹ̀ sì pé. Kí n tó pa kọ̀ǹpútà mi, mo ṣèèṣì dárúkọ fáìlì àná dípò tòní nínú àṣẹ kan náà. `Verified OK` ló tún kọ.

Ara mi bù máṣọ. Bí ìjẹ́rìí àná bá lè kọjá lónìí, ẹni tó bá gba ẹ̀rọ náà mọ́ mi lọ́wọ́ lè máa fi ìjẹ́rìí ìgbà tí gbogbo nǹkan ṣì dára ránṣẹ́ sí mi títí ayé.

Nínú TPM ti kọ̀ǹpútà PC, àyè 24 ló wà tí wọ́n ń pè ní PCR, láti 0 dé 23. Èèyàn ò lè kọ iye tó bá wù ú síbẹ̀. Fífi kún un nìkan ló wà: chip á mú iye tó bá níbẹ̀, á so tuntun mọ́ ọn nídìí, á wá fi ìṣírò háàṣì tó ń jẹ́ SHA-256 lọ méjèèjì pọ̀ di iye kan. Bí ẹ̀rọ bá ń tan, wọn á wọn firmware (ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ) sínú PCR 0, ètò tó ń gbé kernel (ọkàn Linux) dìde á bọ́ sínú PCR 4, ipò Secure Boot, ìdènà tó ń kọ ètò tí kò ní ìbuwọ́lù tó tọ́ nígbà títan, á sì wà ní PCR 7. Bí mo bá béèrè, chip á fi kọ́kọ́rọ́ kan tó ń jẹ́ AK buwọ́ lu àwọn iye wọ̀nyí. Ìjẹ́rìí yẹn ni wọ́n ń pè ní quote.

Ohun tí mo tẹ̀ lórí sáfà náà nìyí:

```
tpm2_createek -c ek.ctx -G rsa -u ek.pub
tpm2_createak -C ek.ctx -c ak.ctx -G rsa -g sha256 -s rsassa -u ak.pub -n ak.name
tpm2_quote -c ak.ctx -l sha256:0,4,7 -q $NONCE -m quote.msg -s quote.sig -o quote.pcrs -g sha256
```

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi `-f plain` kún quote kí openssl (ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, tó sì ń yẹ ìbuwọ́lù wò) lè ka ìbuwọ́lù rẹ̀, mo sì fi `openssl dgst -sha256 -verify` yẹ̀ ẹ́ wò. Openssl ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa. Ó sọ pé kọ́kọ́rọ́ yìí ló buwọ́ lu fáìlì yìí, ó parí. Kò mọ ohun tó wà nínú fáìlì náà, kò sì mọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń fún `-q` lójoojúmọ́. Nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ (nonce) ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó jẹ́ tuntun nígbà gbogbo, kó sì jẹ́ pé ẹni tó ń yẹ ìjẹ́rìí wò ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí kọ̀ǹpútà tèmi ni mo ti ń tẹ `openssl rand -hex 20`, màá fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà, màá sì retí kó padà wá bá mi nínú ìjẹ́rìí:

```
tpm2_checkquote -u ak.pub -m quote.msg -s quote.sig -f quote.pcrs -g sha256 -q $NONCE
```

Àṣẹ yìí ń wo ìbuwọ́lù, nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ àti iye PCR pa pọ̀, kò sì nílò chip kankan lọ́dọ̀ ẹni tó ń lò ó. Fáìlì àná kò kọjá mọ́.

Ǹ bá dúró síbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ mọ̀ bóyá èmi fúnra mi lè tan ara mi jẹ. Mo fi openssl ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ RSA lásán, mo mú quote àtijọ́, mo kọ nọ́ńbà tuntun rọ́pò èyí tó wà nínú rẹ̀, mo sì buwọ́ lù ú. Ó kọjá! Mo wo orí fáìlì náà pẹ̀lú `xxd -l 6 quote.msg`, mo rí `ff54 4347 8018`. Nínú rẹ̀, 54 43 47 ni lẹ́tà TCG, orúkọ Trusted Computing Group tó ṣe òfin TPM. 8018 sì ń sọ pé quote ni. Wọ́n ní àmì yìí ló ń fi hàn pé inú chip ni ọ̀rọ̀ ti wá. Òótọ́ ni, àmọ́ ó lójú ibi tó ti jẹ́ òótọ́. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n bá sàmì `restricted` sí nínú TPM kì í buwọ́ lu ohun tó ti òde wá bí ó bá fi ff544347 bẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí mo fi openssl ṣe kò ní irú ìdènà bẹ́ẹ̀, ohunkóhun ló lè buwọ́ lù. Gbogbo ọ̀rọ̀ wá já sórí ìbéèrè kan: ta ló sọ fún mi pé inú chip ni AK yìí ń gbé? Sáfà ló sọ bẹ́ẹ̀, òun gan-an tí mo ń fura sí. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, mo sì ti fi ọjọ́ mélòó kan pa làpálàpá.

EK, kọ́kọ́rọ́ mìíràn tó wà nínú chip, ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó ṣe chip ló ń fún kọ́kọ́rọ́ yìí ní ìwé-ẹ̀rí. Fún RSA, àyè 0x01c00002 nínú chip ni wọ́n sábà máa ń fi í pa mọ́ sí:

```
tpm2_nvread 0x01c00002 -o ek.der
openssl x509 -inform der -in ek.der -noout -text
```

Ẹ wá 2.23.133.8.1 lábẹ́ Extended Key Usage, nítorí òun ló ń sọ pé ìwé-ẹ̀rí EK ni. Nígbà tí mo fi `openssl verify` yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní `unable to get local issuer certificate`. Ìwé-ẹ̀rí àárín, tó so EK mọ́ ìwé-ẹ̀rí gbòǹgbò ti ẹni tó ṣe chip, ni mi ò ní. Àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé-ẹ̀rí EK náà. Mo gbà á, mo fi í sí `-untrusted`, ó kọjá. Ẹ má gbàgbé láti fi kọ́kọ́rọ́ inú ìwé-ẹ̀rí wé ti `ek.pub`. Bí wọn ò bá bára mu, asán ni gbogbo ohun tó kù.

EK kì í buwọ́ lu nǹkan, àdìtú ló ń tú. Nítorí náà kò lè kọ ìwé pé ilé kan náà lòun àti AK ń gbé. Ọgbọ́n tí àwọn tó ṣe TPM dá sí i wù mí gan-an. Màá fi àṣírí kan dì sínú àdìtú tí EK yẹn nìkan lè ṣí, chip kò sì ní fi àṣírí náà sílẹ̀ àfi bí kọ́kọ́rọ́ tí mo dárúkọ bá wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò gbọdọ̀ wá látọ̀dọ̀ sáfà. Mo ṣírò rẹ̀ fúnra mi láti inú `ak.pub`: 000b, kí SHA-256 ohun tó kù lẹ́yìn báìtì méjì àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e.

```
NAME=000b$(tail -c +3 ak.pub | sha256sum | cut -d' ' -f1)
tpm2_makecredential -T none -u ek.pub -s asiri -n $NAME -o cred.out
```

Kí n tó ránṣẹ́, mo fi `tpm2_print -t TPM2B_PUBLIC ak.pub` wo àwọn àmì tó wà lára AK. `fixedtpm`, `restricted` àti `sign` gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nítorí pé háàṣì kó àwọn àmì náà mọ́ra, ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ti yí orúkọ padà. Lórí sáfà:

```
tpm2_startauthsession --policy-session -S s.ctx
tpm2_policysecret -S s.ctx -c e
tpm2_activatecredential -c ak.ctx -C ek.ctx -i cred.out -o asiri.out -P session:s.ctx
```

Mo kọ́kọ́ fo `tpm2_policysecret`, chip sì ní `a policy check failed`. Wákàtí kan gbáko ló gbà mí kí n tó rí i. Nígbà tí `asiri.out` bá tèmi mu, mo tó lè sọ pé mo mọ AK. Ẹ̀ẹ̀kan la ń ṣe èyí fún AK kọ̀ọ̀kan.

Iye PCR ló wá kù. Mo ti kọ wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbé sáfà náà kalẹ̀. PCR 0 àti 7 bá a mu, PCR 4 kò bá a mu, àyà mi sì já. Mo gba àkọsílẹ̀ títan ẹ̀rọ náà, `/sys/kernel/security/tpm0/binary_bios_measurements`, mo sì fi `tpm2_eventlog` kà á. Kò sí ìbuwọ́lù lórí fáìlì yìí, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀rí ni pé bí a bá fi àwọn ohun inú rẹ̀ ṣe ìṣírò PCR láti ìbẹ̀rẹ̀, iye tó jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tí quote buwọ́ lù mu. Ó bá a mu. Háàṣì kan ṣoṣo ló yí padà láàárín rẹ̀, ti ètò tó ń gbé kernel dìde, èyí tí mo fúnra mi sọ di tuntun lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. `resetCount` inú quote náà, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ ti tún tan, fi ẹyọ kan lé sí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tún ẹ̀rọ náà tan. Mo gba iye tuntun náà wọlé.

Títan ẹ̀rọ nìkan ni àwọn PCR tí mo yàn yìí mọ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí kernel ti dìde, IMA, apá kan nínú kernel, ló ń kọ ọ́ sínú PCR 10, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn.

Mo ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àṣẹ kan báyìí. Fáìlì àná tó tàn mí jẹ àti èyí tí mo fi kọ́kọ́rọ́ openssl buwọ́ lù ṣì wà nínú àpò fáìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá tún ìwé àṣẹ náà ṣe, àwọn méjèèjì ni mo kọ́kọ́ ń fún un. Bí ó bá gba ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní jẹ́ kó fojú kan sáfà.