Bẹ́ ẹ ṣe máa fi iṣu àti ata rodo mọ bí ẹ́ńsáìmù bakitéríà ṣe ń yan ọ̀tún tàbí òsì fún mólékù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Chemistry tàbí Biochemistry ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí stereochemistry, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ibi tí ẹ̀yà mólékù kọ̀ọ̀kan kọjú sí, ń fọ́ yín lórí, ẹ pa ìwé dé ná. Ẹ sáré dé Takie, ẹ ra iṣu kékeré kan, ata rodo méjì, àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ méjì, kárọ́ọ̀tì kan àti tùtùpíìkì. Lactic acid la fẹ́ tò, òun ló ń jẹ́ kí omi ògì kan, bakitéríà ló sì ń ṣe é.

Ẹ gé iṣu tútù sí ègé kékeré méjì, carbon àárín nìyẹn. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ gún tùtùpíìkì mẹ́ta sí i lára yíká kí gbogbo ẹ̀ sùn pẹrẹsẹ lórí tábìlì, ẹ fi ata sórí ọ̀kan, oxygen nìyẹn, àlùbọ́sà sórí èkejì, COOH, kárọ́ọ̀tì sórí ẹ̀kẹta, CH3. Ẹ tò ó kó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá wò ó látòkè, láti ata sí àlùbọ́sà sí kárọ́ọ̀tì á máa lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Ẹ ṣe èkejì bákan náà gẹ́lẹ́.

Pyruvate lẹ ṣe yẹn, ohun tí bakitéríà máa ń rí tó bá fọ́ ṣúgà inú àgbàdo. Ẹ wò ó dáadáa, ó tẹ́, kò lọ́tùn-ún, kò lósì. Ẹ fọkàn síbí yìí o, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé inú èròjà ni ọ̀tún àti òsì ti wá, bẹ́ẹ̀ kọ́ jàre.

Hydrogen ló kù, tùtùpíìkì lásán ti tó fún un. Ti àkọ́kọ́, ẹ gún un látòkè. Ti ìkejì, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ gún un látìsàlẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù á ní láti tẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi hydrogen, ẹ fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Èyí tẹ́ ẹ gún látòkè ni L-lactic acid, èkejì ni D. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì kí wọ́n bára mu, wọn ò ní bára mu láéláé, bíi bàtà ọ̀tún àti tòsì.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ hydrogen sọ́ọ̀ọ́kán, kó jìnnà sójú yín, ẹ ka ata, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì. Tó bá ń lọ bí ọwọ́ aago, R nìyẹn, D sì ni níbí. Tó bá ń lọ lódìkejì, S ni, ìyẹn L. Ẹ má wá rò pé R ni D níbi gbogbo o, lactic acid là ń sọ.

Ta ló wá ń sọ fún hydrogen pé òkè ni kó gbà? Lactate dehydrogenase ni, ẹ́ńsáìmù tó ń sọ pyruvate di lactic acid. Pyruvate á wọnú ihò kan nínú ẹ̀, arginine kan á di COOH mú, histidine kan á dúró ti oxygen (amino acid tí wọ́n fi kọ́ ẹ́ńsáìmù ni méjèèjì), NADH tó gbé hydrogen wá sì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Pyruvate ò ráyè yí padà, ojú kan ló ṣí sílẹ̀, ojú kan náà sì ni hydrogen máa gbà. Èyí tó ń ṣe L àti èyí tó ń ṣe D kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà rárá, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Lactiplantibacillus plantarum (Lactobacillus plantarum ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀) tó pọ̀ nínú ògì ní méjèèjì, ó tún ní òmíràn tó ń lo nickel láti sọ ọ̀kan di èkejì, nítorí náà D àti L ló wà nínú omíkan yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo mólékù tó tóbi jùyẹn lọ, erythromycin, oògùn apabakitéríà tẹ́ ẹ ń rà ní kẹ́míìsì. Bakitéríà Saccharopolyspora erythraea ló ń ṣe é, inú iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bù ní Philippines ní 1949 ni wọ́n ti rí i. Òrùka àárín ẹ̀ ní carbon 10 tó lọ́tùn-ún-lósì, ìyẹn ọ̀nà 1,024 ló lè gbà rí, ọ̀kan ṣoṣo ni bakitéríà yìí ń ṣe! Ẹ́ńsáìmù ńlá mẹ́ta tó ní module mẹ́fà, ìyẹn ibi iṣẹ́ mẹ́fà, ló ń tò ó ní ìpele-ìpele. KR (ketoreductase) inú wọn ń ṣe iṣẹ́ tí dehydrogenase ń ṣe lókè yẹn, àmọ́ NADPH, ìbátan NADH tó ń gbé hydrogen wá, ò kúrò lójú kan, ẹ̀gbẹ́ tí mólékù gbà wọlé ló yàtọ̀.

Tẹ́ ẹ bá ní sequence KR kan lọ́wọ́, ìyẹn bí amino acid inú ẹ̀ ṣe tò tẹ̀ léra, lẹ́tà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ wá LDD nínú ẹ̀. Tó bá wà níbẹ̀, irú B ni, OH á bọ́ sí apá D. Tí kò bá sí, tẹ́ ẹ wá rí W síwájú díẹ̀, irú A ni, apá L. antiSMASH, ètò kọ̀ǹpútà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á bá yín kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo KR tẹ́ ẹ bá rí ló ń fi hydrogen sí nǹkan o, ti module 3 erythromycin wà níbẹ̀, kì í fi sí i.