Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ọmọ tó bá gba sikọ́láṣíìpù láti Ìbàdàn tàbí Èkó lọ sí Grinnell ní Iowa, tàbí Carleton ní Minnesota, kò lọ sí irú yunifásítì tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nílé. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Grinnell lápapọ̀ kò ju nǹkan bí 1,800 lọ. Kíláàsì lè má ju èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Olùkọ́ mọ orúkọ rẹ, ó mọ ibi tí o máa ń jókòó sí, ó sì máa mọ̀ lọ́jọ́ tí o kò bá wá. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n tí a fi ń yege nílé, kí èèyàn dákẹ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó há a sórí, kó dúró de ìdánwò, fi ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa lára lọ́hùn-ún.

Má dákẹ́ ní kíláàsì

Èyí ló burú jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n tọ́ wa pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, a máa ń wolẹ̀ ni, a kì í ranjú mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ ilé tó dára ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbé e sọ nù. Àmọ́ wo bó ṣe máa ń rí níbẹ̀. Tábìlì gbọọrọ kan, èèyàn méjìlá yí i ká, olùkọ́ jókòó sáàárín wọn, ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kà lálẹ́ àná ṣí sílẹ̀ níwájú kálukú. Olùkọ́ béèrè nǹkan, ó dákẹ́, ó ń retí. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tí kò tilẹ̀ ka ìwé náà parí lanu, ó sọ èyí tó wá sí i lọ́kàn. Ọmọ tiwa tó kà á lẹ́ẹ̀mejì, tó fi bírò pupa fàlà sí i, tẹrí ba, ó ń kọ ohun tí àwọn yòókù ń sọ. Ó gbà pé ìdánwò á fi òun hàn. Nígbà tí sáà dé ìdajì, lẹ́tà olùkọ́ wọlé sórí fóònù: “Mi ò tíì mọ ohun tí o ń rò.” Kò fi bú u o. Máàkì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú syllabus, ìwé ètò kíláàsì náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Olùkọ́ kò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ọmọ náà ń bù fún òun. Ọmọ tí kò wo òun lójú, tí kò sì sọ nǹkan kan ló rí, ó sì lè rò pé kò kàwé wá. Nítorí náà, kí o tó wọlé, kọ ìbéèrè kan sórí bébà, kí o sì kọ ibì kan nínú ìwé náà tí ohun tí òǹkọ̀wé sọ kò tẹ́ ọ lọ́rùn. Sọ ọ̀kan nínú méjèèjì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, nítorí bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni àyà rẹ á máa já sí i. Má dúró dìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ bá dà bí tiwọn. Ohùn Ìjẹ̀bú tàbí ti Èkìtì kò ba èrò jẹ́. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ, tún un sọ.

Má sá fún ọ́fíìsì olùkọ́

Nílé, bí wọ́n bá ní kí o wá rí lẹ́kíṣọ́rà ní ọ́fíìsì, wàá kọ́kọ́ máa ro ohun tí o ṣe. Ní ti àwọn ọmọbìnrin, ìbẹ̀rù náà nídìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré, wákàtí tí olùkọ́ fi ń dúró de akẹ́kọ̀ọ́, office hours, wà lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń jókòó síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sì wá. Lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí wàhálà kankan kò tíì sí. Bí o bá fẹ́ kọ lẹ́tà ṣáájú, kì í ṣe dandan kó gùn: “Ẹ káàsán, Professor,” kí o fi orúkọ ìdílé rẹ̀ kún un, kí o sọ orúkọ rẹ àti kíláàsì tí o wà, kí o ní o fẹ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ìwé tí ẹ kà lọ́jọ́ báyìí. Ó parí. Bí olùkọ́ bá ní kí o máa pe òun lórúkọ, tí ẹnu rẹ kò sì gbé e, Professor ni kí o máa pè é lọ, kò sẹ́ni tó máa bínú.

Lọ́dún kẹrin, ẹni tó máa kọ lẹ́tà fún ọ láti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn ni olùkọ́ tó ti gbọ́ èrò rẹ lójúkojú. Ẹni tó mọ máàkì rẹ nìkan kò ní rí nǹkan púpọ̀ kọ.

Má dúró kí omi dé ọrùn

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni sáà kan ní Carleton. Bí ibà tàbí àárò ilé bá dá ọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìdá kan nínú márùn-ún ti lọ nìyẹn. Àwọn ọmọ wa máa ń fi pa mọ́, wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn ní ọ̀lẹ. Sọ fún olùkọ́ àti olùdámọ̀ràn rẹ kí asáínmẹ́ǹtì tó pẹ́. Wọ́n sábà máa ń sún ọjọ́ síwájú fún ẹni tó bá tètè sọ.

Èyí tó léwu jù níbẹ̀ ni pé kí o dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ fúnra rẹ torí pé ó le. Lábẹ́ F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, kírẹ́díìtì rẹ kò gbọ́dọ̀ dín ní 12 ní sáà kan láìjẹ́ pé ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ti fún ọ láṣẹ ṣáájú. Ẹni tó kọ́kọ́ dá kọ́ọ̀sì sílẹ̀ kó tó lọ sọ lè pàdánù ẹ̀tọ́ àtigbé ní Amẹ́ríkà. Ọ́fíìsì yẹn ni kí o kọ́kọ́ dé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ dákun

Ẹ má pe ọmọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti béèrè ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn tàbí ti lọ́yà. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ka méjèèjì. Òpin ọdún kejì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n á tẹpẹlẹ mọ́. Kíláàsì kan ṣoṣo, Tutorial ọdún àkọ́kọ́, ni Grinnell fi ṣe dandan fún gbogbo èèyàn. Ìyókù, ọmọ àti olùdámọ̀ràn rẹ̀ ni wọ́n á jọ jókòó tò ó. Ibẹ̀ ni Robert Noyce, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, sílẹ̀, ti jáde ní 1949. Babátúndé Ọlátúnjí tiwa, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, dé kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta ní 1950, iṣẹ́ aṣojú ìjọba ló sì ní lọ́kàn. Ó jáde ní 1954, àmọ́ ìlù tó ń lù ni gbogbo ayé padà fi mọ̀ ọ́n.

N kò sọ pé kí ọmọ má ronú iṣẹ́ o. Oṣù 12 ni ìjọba ń fún ẹni tó jáde láti fi ṣiṣẹ́ nínú ohun tó kọ́. Ẹni tí ẹ̀ka rẹ̀ bá wà lára STEM, ìyẹn sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ ẹnjiníà àti ìṣirò, lè gba 24 sí i. Ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan, wọ́n ka ètò ọrọ̀-ajé mọ́ STEM, àwọn mìíràn kò kà á mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ béèrè kó tó yan ẹ̀ka.

Ẹ sì rántí pé owó ilé ẹ̀kọ́, oúnjẹ àti yàrá ni sikọ́láṣíìpù wà fún. Kò sí owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi ránṣẹ́ sílé. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni iṣẹ́ tí òfin gbà á láyè láti ṣe nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé, inú ọgbà náà sì ni. Bí àìní ilé bá tì í débi pé ó ń di irun fáwọn ará ìlú gba owó, tàbí tó ń fi mọ́tò ẹlòmíràn gbé oúnjẹ kiri, físà rẹ̀ ló fi ń ṣeré.

Má dàwé kọ, má sì ṣàánú ẹni tó fẹ́ dàwé

Nílé, lẹ́kíṣọ́rà mìíràn fẹ́ kí o da ohun tó wà nínú hándáòtù padà fún òun bó ṣe wà gan-an. Lọ́hùn-ún, bí o bá kọ gbólóhùn ẹlòmíràn láìdárúkọ rẹ̀, olè jíjà ni wọ́n kà á sí. Ní Haverford, ní Pennsylvania, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló ń darí òfin ìwà ọmọlúàbí ibẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Bí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ ti Nàìjíríà wá bá ní kí o fi iṣẹ́ tìrẹ ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa pè. Jókòó tì í kí o ṣàlàyé fún un dípò kí o fi ránṣẹ́. Ní ti ChatGPT àti irú rẹ̀, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀; ka syllabus.

Ìgbà òtútù

Má ra kóòtù òtútù ní Èkó. Ra á lọ́hùn-ún, kó tó di oṣù kọkànlá, kí o sì béèrè bóyá kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ ní owó ìrànwọ́ fún un. Nínú oṣù kejìlá ní Minnesota, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ìbànújẹ́ tí kò nídìí sì lè wọlé sí èèyàn lára. Lọ rí àwọn agbaninímọ̀ràn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà síṣẹ́ láti máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò ní pe bàbá rẹ, kì í sì í ṣe pé orí rẹ ti dàrú.

Ọ̀pọ̀ ilé akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń tì nígbà ìsinmi Kérésìmesì. Láti oṣù kẹwàá ni kí o ti béèrè ibi tí wàá sùn. Bí o bá sì fẹ́ wálé, wo I-20 rẹ, ìwé tí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọ láti fi gba físà, kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: ìbuwọ́lùwé ìrìn-àjò tó wà lórí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ, físà tó sì ti kú nínú pásípọ́ọ̀tù kò ní mú ọ padà wọlé.