Bí Káńsù Ṣe Lè Gba Ohùn Ará Ìlú Wọlé Sí Ìpàdé Láti Ilé Wọn

Ajébándélé ni sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ifẹ̀ wà, kò sì jìnnà sí ẹni tó bá ní ààyè láti lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tí ọ̀rọ̀ káńsù kàn jù lọ ni kì í sábà ráàyè ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́: ìyá tó pàtẹ sọ́jà, àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọmọ Ifẹ̀ tó ń gbé Èkó tó sì ń san owó orí ilé tó kọ́ sí Ìlàré. Akọ̀wé káńsù àti àwọn kánsẹ́lọ̀ tó bá fẹ́ kí irú wọn dá sí ìpàdé láìkúrò níbi tí wọ́n wà ni mo kọ èyí fún.

Kí ẹ tó ra ohun èlò kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣe òfin. Nínú ìlànà ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ káńsù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ará ìlú lè sọ̀rọ̀ láti orí fóònù, iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ẹni tí yóò pè é, àti pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn. Àwọn kánsẹ́lọ̀ nìkan ló ń dìbò. Kí èyí hàn kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé wọ́n fi ìbò òun dù ú. Ẹ sì mú ọ̀rọ̀ tó kan ènìyàn ṣe àkọ́bẹ̀rẹ̀. Àtẹ Kẹrin inú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ọjà, gáréèjì, ilẹ̀ ìsìnkú, kíkó ìdọ̀tí àti sísọ òpópónà lórúkọ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò sì sí èyí tí ará ìlú kò ní èrò lórí rẹ̀.

Ohùn ló ṣe pàtàkì jù, àwòrán kò tó o. Mo ti wà nínú ìpàdé kan tí wọ́n ti gbé kámẹ́rà olówó ńlá kalẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo fáànù nìkan ni àwa tí a wà nílé ń gbọ́. Bí ẹ bá gbé fóònù kan ṣoṣo síwájú alága, ohùn alága nìkan ni àwọn tó wà nílé yóò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn ni kí ẹ fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìpàdé jáde, kí ẹ sì gbé àwọn sípíkà kúrò níwájú rẹ̀, nítorí bí ohùn sípíkà bá padà wọ inú rẹ̀, híhan ni yóò máa han. Ẹ má fi iṣẹ́ yìí lé akọ̀wé tó ń kọ ìpàdé lọ́wọ́. Ẹnì kan ọ̀tọ̀ ni kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà. Kí ìnfátà wà ní sẹpẹ́, kí síìmù tí ẹ fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì náà sì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá ń lo Zoom ọ̀fẹ́, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìṣẹ́jú 40 ni ó fún ìpàdé.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò ní dátà, fóònù oníbọ́tìnì ni ẹlòmíràn sì ní. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí òṣìṣẹ́ káńsù sì pè é nígbà tó bá kàn án, kí owó ìpè má baà jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí kò ní ráàyè rárá lè fi fóísì nóòtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ gbé e fún ilé gbọ́.

Ẹ kéde ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ ìpàdé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nínú ìpàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ní mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, àti lórí rédíò. Bí ìwé tí ẹ fẹ́ jíròrò bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ẹni tó wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, nítorí nẹ́tíwọ́kì kò ṣe é fọkàn tán. Bí ìlà bá já, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ẹ tó ka ohun tó kọ ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ìkíni náà wà níbẹ̀: ní Ifẹ̀ wa, kí ènìyàn tó kí Ọọ̀ni, àwọn ìjòyè, alága àti àwọn kánsẹ́lọ̀ tán, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Kí akọ̀wé kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan lórúkọ gbogbo àwọn tí yóò sọ̀rọ̀, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó la ẹnu, nítorí Òfin Ìdáàbòbò Détà ti ọdún 2023, èyí tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn, kan káńsù náà. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni hàn lójú ẹ̀rọ. Kí àkọsílẹ̀ ìpàdé sọ ohun tí olúkúlùkù béèrè àti ìdáhùn tí wọ́n fún un, kí ẹ sì kà á sétí ilé gẹ́gẹ́ bí ohun àkọ́kọ́ nínú ìpàdé tó tẹ̀lé e, kí ẹni tó béèrè lè wà lórí ìlà láti gbọ́ ọ.