Ẹ̀yin Tí Ẹ Fẹ́ Ṣe Kẹ́mísírì Nínú JAMB, Ẹ Yéé Fowó Ṣòfò

Lẹ́sìn kẹ́mísírì ni mo ń ṣe jẹun ní Kubwa, l'Abuja níbí. Mi ò ní jókòó máa ṣàlàyé ohun tí átọ̀mù jẹ́. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Owó tí ẹ ń dà nù ló ń bí mi nínú.

Èkíní, ṣáàtì ẹ́límẹ́ńtì, ìyẹn àwọn nǹkan tí átọ̀mù inú wọn jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì. Ẹ wo ipò 118 kí ẹ tó sanwó. Tí ẹ bá rí "Uuo", àmì àtijọ́ nìyẹn, ọjà àlòkù ni. Og, ìyẹn oganesson, ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ láti 2016.

Èkejì, omi kì í ṣe ẹ́límẹ́ńtì. Afẹ́fẹ́ náà kọ́. Ó tán.

Ẹ̀kẹta, fífi ogún ẹ́límẹ́ńtì àkọ́kọ́ kọrin. Bàbá kan mú ọmọ wá láti Nyanya, wọ́n ní àwọn ti sanwó lẹ́sìn níbòmíì, pé ọmọ àwọn ti mọ gbogbo ẹ̀. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti hydrogen, ó kà á dé calcium láì mí. Mo ní, "O káre. Nútírọ̀nù mélòó ló wà nínú sodium?" Ọmọ wo àjà. Bàbá wo ọmọ. Èmi wo aago, torí wákàtí ni mo fi ń gbowó.

Ẹ gbọ́, prótọ̀nù àti nútírọ̀nù ló jọ wà láàárín átọ̀mù, ṣùgbọ́n iye prótọ̀nù ló ń sọ ẹ́límẹ́ńtì tó jẹ́. 11 ni ti sodium. Tó bá di 12, magnesium nìyẹn. Àpapọ̀ prótọ̀nù àti nútírọ̀nù sodium jẹ́ 23. Ẹ yọ 11 kúrò nínú 23, nútírọ̀nù 12 ló kù. Èwo ni torin níbẹ̀?

Chlorine ló máa gbẹ̀mí mi ṣá. Wọ́n á rí 35.5 tí wọ́n kọ sí i lórí ṣáàtì bí ìwọ̀n átọ̀mù ẹ̀, wọ́n á yọ 17 tó jẹ́ iye prótọ̀nù ẹ̀, wọ́n á kọ nútírọ̀nù 18.5, wọ́n á tún fàlà sí i nídìí gàdàgbà! Ta ló bá yín la nútírọ̀nù sí méjì? Bí ìyá kan bá bí méjì, tí èkejì bí mẹ́ta, ìpíndọ́gba wọn jẹ́ méjì ààbọ̀, ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló bí ààbọ̀ ọmọ? Oríṣi chlorine méjì ló pọ̀ láyé, èyí tí àpapọ̀ prótọ̀nù àti nútírọ̀nù ẹ̀ jẹ́ 35 àti èyí tó jẹ́ 37. Nínú 100, nǹkan bíi 75 jẹ́ 35, 25 tó kù jẹ́ 37. 35 lọ́nà 75, 37 lọ́nà 25, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí 100. 35.5 náà nìyẹn, ìpíndọ́gba lásán ni. Kò sí átọ̀mù chlorine kan ṣoṣo tí ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 35.5 gan-an.

Iyọ̀ ńkọ́? Sodium ń bú gbàù nínú omi, chlorine jẹ́ gáàsì olóró, síbẹ̀ tí àwọn méjèèjì bá para pọ̀, iyọ̀ ọbẹ̀ ni wọ́n ń dà. Ẹ má kọ ọ́ pé iyọ̀ lè bú gbàù. Wọ́n ti kọ ọ́ fún mi o.

Ẹni tó ń ra ẹ́kísípò, ìyẹn ìbéèrè ìdánwò tí wọ́n jí tà, mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Kí ẹ tó sanwó fún tíṣà kankan, títí kan èmi, ẹ bi í nípa nútírọ̀nù copper, tí ìpíndọ́gba ìwọ̀n ẹ̀ jẹ́ 63.5. Tó bá ní nútírọ̀nù 34.5, ẹ gbé báàgì yín.