Bí mo ṣe dá so sólà àkọ́kọ́ mi ní Apẹ́tẹ́, lẹ́yìn tí mo wá iṣẹ́ tech títí

Nígbà tó di 214 ni mi ò kà mọ́. Mo ní ṣíìtì kan lórí kọ̀ǹpútà mi tí mo máa ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí mo bá forúkọ sílẹ̀ fún sí, ọjọ́ tí mo fi CV ránṣẹ́, bóyá wọ́n fèsì àbí wọn ò fèsì, nígbà tó sì fi máa di oṣù kọkànlá 2023 ó ti di 214, àwọn mẹ́sàn-án ló fèsì, mẹ́ta ló pè mí fún ìntàfíù, kò sí ìkankan tó gbà mí. Iṣẹ́ tí mò ń wá yìí, iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni o, junior frontend, ẹni tó ń kọ ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, kì í ṣe pé mo ní kí wọ́n wá fi mí jọ̀gá. Ẹ ṣáà wo ohun tí wọ́n á kọ síbẹ̀: kó ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, níbo ló ti fẹ́ rí ọdún mẹ́ta?

Mo ti gba HND kí n tó lọ kọ́ kóòdù. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ́ ọ ní 2022, HTML, CSS, JavaScript, React, mo sanwó ẹ̀ pé, aago méjì òru ni mo máa ń jí torí détà òru ló dínwó. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ní àwọn máa bá wa wá ibi tí a ti máa ṣiṣẹ́ tá a bá parí, ìgbà tá a parí wọ́n fún wa ní sátífíkéètì, wọ́n kó wa sínú gúrúpù WhatsApp kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìta náà sì ti dàrú nígbà yẹn. Meta ti dá èèyàn 11,000 dúró ní ìparí 2022, oṣù kìíní 2023 ni Google kéde 12,000, Microsoft 10,000, Amazon lé ní 18,000. Tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sígboro, tí ilé iṣẹ́ kan wá gbé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo síta, ta ni wọ́n máa mú nínú wọn àti èmi tí mo jókòó s'Ìbàdàn pẹ̀lú prójẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ń kó iṣẹ́ wọn sí? Iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí wọ́n sì máa ń gbé fún ọmọ tuntun tẹ́lẹ̀, kó tún bọ́tìnnì ṣe, kó kọ fọ́ọ̀mù, AI ti ń bá wọn ṣe é. Ọdún yẹn náà ni ìjọba gbé 3MTT jáde pé mílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn làwọn fẹ́ kọ́ ní iṣẹ́ tech. Ẹ̀kọ́ dáa, mi ò ní kí wọ́n má kọ́ èèyàn, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ tán, ibo ló máa jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, tí á máa wò ó lọ́wọ́? Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo wá títí tí mi ò rí.

Ibi tí mo ti pàdé ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi níṣẹ́ sólà báyìí, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Sàngó n'Ìbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń lọ ṣáàjì láàpútọ́ọ̀pù torí iná ò sí ládùúgbò wa, àtìgbà tí wọ́n sì ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní May 29, 2023, tí lítà kan kúrò ní bíi ₦190 tó fò sí bíi ₦500, mi ò lè máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ torí iṣẹ́ tí mi ò tíì rí. Àwọn èèyàn tó ń wá béèrè sólà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà yẹn ò lóǹkà. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ gbé pánẹ́ẹ̀lì sínú kéké, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ó ní, "Ọmọ kọ̀ǹpútà, wá bá mi gbé e." Mo bá a gbé e. Mo tẹ̀lé e débi iṣẹ́. Ìgbà tá a ń padà bọ̀ ni mo bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ lè kọ́ mi níṣẹ́ yìí?" Kò béèrè CV. Ó ní ṣé òòyì kì í kọ́ mi tí mo bá wà lókè, mo ní rárá, ó ní kí n mú ẹni tó máa dúró fún mi wá.

Ìyá mi ló wá dúró fún mi, inú wọn ò sì dùn sí i rárá. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bi mí pé ṣé torí kí n lè máa gun òrùlé kiri làwọn ṣe ta ilẹ̀ rán mi lọ sí Poly. Mi ò lè dá wọn lóhùn. Ọdún kan àtààbọ̀ la fi àdéhùn sí, oṣù kìíní 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀, oṣù méjì àkọ́kọ́ mo kàn ń di àkàbà mú ni, mò ń nu pánẹ́ẹ̀lì, mò ń kọ́ orúkọ irinṣẹ́. Kò sẹ́ni tó retí pé kí n ti mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ torí ó ṣe pàtàkì sí mi gan-an: kò sẹ́ni tó retí pé kí n ti mọ̀ ọ́n kí n tó dé. Àìmọ̀ mi gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà mí.

Oṣù kẹta 2025 ni ọ̀gá gbé iṣẹ́ Ìyá Ìbejì fún mi. Télọ̀ ni wọ́n, ní Apẹ́tẹ́, ṣọ́ọ̀bù wọn wà níwájú ilé. Ọ̀gá ní òun máa bá mi lọ àmọ́ òun ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìṣirò ni mo kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ ni ṣíìtì mi sì wúlò. Mo lọ bá wọn lọ́jọ́ Tuesday, mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tó ń jẹná sílẹ̀ àti wákàtì tí wọ́n fi ń lò ó lójúmọ́. Búlúùbù márùn-ún, wáàtì 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtì mẹ́fà. Fáànù méjì, 60 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtì mẹ́jọ. Máṣìnnì ìránṣọ méjì, 100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtì mẹ́rin torí èèyàn kì í tẹ̀ ẹ́ láìdúró. TV wáàtì 60, wákàtì márùn-ún. Ṣáájà fóònù, 20, wákàtì méje. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ó jẹ́ wáàtì 450, àpapọ̀ ohun tí wọ́n ń jẹ lójúmọ́ sì jẹ́ 2,500 wáàtì wákàtì, ìyẹn wáàtì nǹkan kọ̀ọ̀kan lọ́nà wákàtì tó fi ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n ní áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Áyọ́ọ̀nù wọn, wáàtì 1,000 ni, tí wọ́n bá fi lọ aṣọ fún wákàtì kan péré, ó ti jẹ ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń lò láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ní, "Ẹ má bínú Mà, ẹ wo bátìrì yìí bíi dúrọ́ọ̀mù omi, fáànù ń fi ife bu tiẹ̀, áyọ́ọ̀nù ń fi kẹ́ẹ̀gì bù ú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní áyọ́ọ̀nù èédú àwọn ṣì wà nílé. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe sólà máa sọ òótọ́ yìí fún kọ́sítọ́mà kó tó gbowó, torí ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé á gbé e kí wọ́n lè tètè sanwó, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta bátìrì á kú, wọ́n á wá máa sọ fáráyé pé sólà ò dáa.

Ohun tá a rà: bátìrì tubular méjì, irú èyí tó ń lo omi, fólìtì 12, 200Ah (amp wákàtì), tí a so tẹ̀léra wọn tó fi di 24. Lórí ìwé, 4,800 wáàtì wákàtì nìyẹn, àmọ́ irú bátìrì yẹn, tó o bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì ni kó o máa lò. Ìnfátà 1.5kVA, MPPT 60 amp (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì lọ sínú bátìrì), pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, wáàtì 450 ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti Alaba. Méjì lè tó lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tó o bá fi wákàtì mẹ́rin òòrùn gidi ṣírò ẹ̀ tó o yọ ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, ó máa fún ẹ ní bíi 2,700, àmọ́ òjò Ìbàdàn ò ní gbà fún ẹ, torí náà mẹ́ta.

Mo tún lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Thursday torí igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé. Mo dúró wo òjìji ẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, aago méjìlá, aago mẹ́ta. Aago mẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀ sí í gun òrùlé láti ọwọ́ ọ̀tún, torí náà mo sún ibi tí mo fẹ́ to pánẹ́ẹ̀lì sí kúrò ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Òjìji kékeré lórí pánẹ́ẹ̀lì kan lè ba iṣẹ́ gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Saturday la ṣe é. Tó o bá gun páànù, ibi tí ìṣó wà ni kó o máa tẹ̀, torí abẹ́ ibẹ̀ ni igi wà, àárín máa tẹ̀ tàbí kó lu. Mo kojú pánẹ́ẹ̀lì sí gúúsù, torí àríwá equator la wà, òòrùn ń gba apá gúúsù kọjá lọ́pọ̀ oṣù ọdún, mo jẹ́ kí ó dagun díẹ̀ kí òjò lè máa fọ eruku ẹ̀ kúrò. Ihò kọ̀ọ̀kan tí mo lu ni mo fi rọ́bà àti sílíkọ́ọ̀nù dí.

Síso pánẹ́ẹ̀lì ló máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ọ̀gá máa ń sọ pé bí òòrùn bá ti ń wò ó, iná ti wà nínú ẹ̀, kò ní súìṣì. Ìyá Ìbejì fún mi ní aṣọ tó nípọn kan, èyí tó kù nínú aṣọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n rán, mo fi bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí n tó fọwọ́ kan MC4, ìyẹn orí wáyà tí wọ́n fi ń so pánẹ́ẹ̀lì. Mo so wọ́n ní parallel, pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gátíìfù mọ́ nẹ́gátíìfù, fíúùsì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ló dé tí mi ò to wọ́n tẹ̀léra wọn? Fólìtì 49 ni ọ̀kan ń mú jáde tí kò bá gbé nǹkan kan, mẹ́ta máa jẹ́ 147, MPPT wa ò gbà ju 150 lọ, fólìtì pánẹ́ẹ̀lì sì máa ń ga sí i tí ojú ọjọ́ bá tutù. Àárọ̀ ọyẹ́ kan ṣoṣo lè jó o.

Bátìrì ni mo kọ́kọ́ so mọ́ MPPT kó lè mọ̀ pé 24 lòun ń bá ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tan bíréékà pánẹ́ẹ̀lì. Earth rod, irin tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọlẹ̀, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù la rì í sí, pẹ̀lú èédú àti iyọ̀ nínú ihò ẹ̀. Nígbà tí mo tan ìnfátà, gbogbo ẹ̀ tan, àwọn ọmọ iṣẹ́ Ìyá Ìbejì pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń mu pure water, ó ní ká máa wò ó ná.

Bíi ogójì ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀, òòrùn ti wà lókè pátápátá, iná tó ń wọ bátìrì ti tó 40 amp, ọ̀gá dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan àwọn orí wáyà bátìrì níkọ̀ọ̀kan, ó pè mí. "Fọwọ́ kan tibí. Fọwọ́ kan tọ̀hún." Ìkan ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Kì í ṣe pé ó ń jóni o, ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, ká ní èmi nìkan ni mi ò bá má mọ̀. Mo pa bíréékà pánẹ́ẹ̀lì, mo pa ìnfátà, mo pa ti bátìrì, mo tú u. Rọ́bà tí mo bó lára wáyà yẹn kúrú, ìdajì kọ́pà péré ló wọnú lug, irin orí wáyà tí wọ́n fi ń dè é mọ́ bátìrì, ọ̀bẹ sì ti gé bíi fọ́nrán mẹ́fà nínú ẹ̀. Ká ní mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan á ti máa yọ́ rọ́bà, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ sì nìyẹn, òwú àti aṣọ ló kún ibẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Ọ̀gá ò jágbe mọ́ mi. Ó gé e kúrò, ó gbé crimper, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ lug mọ́ wáyà, lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Wọ̀n ọ́n mọ́ lug kó o tó bó o." Mo wọ̀n ọ́n, mo bó o, mo tẹ̀ ẹ́, mo fi gbogbo agbára fà á, kò mì.

Gbogbo oṣù tí mo fi ń kọ́ kóòdù àti èyí tí mo fi ń wáṣẹ́, kò sẹ́nì kan tó fọwọ́ kan iṣẹ́ mi kó sọ fún mi pé ibí ń gbóná. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí mi ni pé àwọn ti mú ẹlòmíì.

Kóòdù ò kúrò lọ́kàn mi o. Ìṣirò tí mo ṣe fún Ìyá Ìbejì, mo ti sọ ọ́ di ojú ìwé kékeré kan lórí fóònù tí ọ̀gá fi ń ṣírò fún kọ́sítọ́mà báyìí, JavaScript náà ni mo fi kọ ọ́. Tí ẹnì kan bá gbà mí lọ́la láti wá jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, màá lọ. Àmọ́ mi ò ní jókòó dè é mọ́. Ọ̀gá fún mi ní ₦60,000 nínú owó iṣẹ́ yẹn, mo fún ìyá mi ní ₦20,000. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n wá béèrè pé ṣé irú ẹ̀ lè gbé fíríìsà àwọn.

Ká tó kúrò lálẹ́ Saturday yẹn, aago méje ti kọjá, Ìyá Ìbejì ń rán apá bùbá kan lọ, a ń kó irinṣẹ́ wa jọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan yọjú síta, ó ní, "Mà, wọ́n ti mú iná lọ." Ìyá Ìbejì gbójú sókè wo búlúùbù, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tó ṣì wà lórí máṣìnnì, wọ́n ní, "Ìgbà wo?"

Saturday tó ń bọ̀ yìí mo tún ń padà lọ síbẹ̀ lọ tún àwọn nọ́ọ̀tì dè kí wọ́n le dáadáa, kí n sì wo omi bátìrì.