Ìdajì Ọdún Ti Pé: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìwé Tí A Ti Kà

Bí Iléyá bá ti lọ, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ a dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn tó ń ké sí mi pé "Ìyá télọ̀, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí ní Yídì o" ti gba aṣọ wọn tán, àwọn tó jẹ mí lówó ti mọ ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà lọ sí ọjà Akẹ̀sán, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé kò sì tíì dé. Àkókò yẹn ni mo fi ń ṣe ohun kan tí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Owódé, nílùú Ọ̀yọ́ níbí, fi ń rẹ́rìn-ín mi: mo ń wọn gbogbo ìwé tí mo ti kà láti oṣù kìn-ín-ní.

Mo ní "wọn". Iṣẹ́ mi ni. Téèpù kì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ìbàdí tó bá jẹ́ íńṣì 46, 46 náà ni yóò pè é, ì báà jẹ́ ìyàwó olóyè ló ni ín. Ọ̀pọ̀ wa la sì ń parọ́ fún ara wa nípa ìwé tí a kà, ju bí a ṣe ń parọ́ ọjọ́ orí lọ.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: ìwé ìkọ̀wé kan, bíírò, àti nǹkan bíi wákàtí méjì tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín. Ẹ̀yìn ìwé ìdíwọ̀n àwọn oníbàárà ni èmi ń kọ tèmi sí.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ láti orí

Ẹ má tíì wo àpótí ìwé yín. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ìwé tí ẹ rántí pé ẹ ṣí lọ́dún yìí: èyí tí ẹ kà tán, èyí tí ẹ kà dé ìdajì, èyí tí ẹ kàn ka ojú ìwé márùn-ún rẹ̀ lórí fóònù nígbà tí ẹ ń dúró de ọkọ̀. Ìgbà tí kò bá sí èyí tó ń wá sọ́kàn mọ́ ni kí ẹ tó dìde lọ wo àpótí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú báàgì àti fóònù.

Ìdí ni pé èyí tí ẹ gbàgbé ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Mọ́kànlá ni mo rántí lọ́dún yìí. Nígbà tí mo wo àpótí, mo bá mẹ́rin míì níbẹ̀. Mo ti ka ọ̀kan nínú wọn tán! Mo rí ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì ìgéṣọ fà sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ àdá sí mi, n kò lè sọ orúkọ ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí.

Ṣé kí a ka Bíbélì àti Kùránì mọ́ ọn? Ẹ bi ọkàn yín. Èmi kì í kà wọ́n mọ́ ọn, torí mo mọ ara mi, n ó fi wọ́n yangàn ni.

Ẹ pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin, ẹ má fún ìwé ní máàkì

Ọ̀nà kìíní, orúkọ ìwé. Ìkejì, ẹni tàbí ohun tó mú kí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìkẹta, ibi tí ẹ kà á dé. Ìkẹrin, ohun tó ṣẹ́kù lọ́kàn yín, kí ó má ju gbólóhùn kan lọ.

Mo ti fún ìwé ní máàkì rí, ẹ má dán an wò. Lọ́dún tó kọjá, mo fún ìwé kan ní 9 nínú 10. Nígbà tí mo tún ṣí i, n kò rí ohun tí mo rí níbẹ̀ nígbà yẹn. Mo wá rántí pé ọjọ́ tí èsì ìdánwò ọmọ mi jáde ni mo kà á tán. Ìdùnnú mi ni mo fún ní máàkì.

Ibi tí ẹ kà á dé ni ọ̀rọ̀ wà

Ìwé tí wọ́n kà tán ni àwọn èèyàn máa ń fi yangàn. Èmi, èyí tí mo pa tì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Aṣọ tí oníbàárà kò wá gbà, ó ní ohun tó fà á: bóyá kò sówó, bóyá òde tí wọ́n tìtorí ẹ̀ rán an ti kọjá, bóyá èmi ni mo ba aṣọ jẹ́. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi, mẹ́fà ni n kò kà tán, mo sì pín wọn sí mẹ́ta. Àwọn kan jẹ́ ìwé tí kò dára. Àwọn kan dára, ìgbà tí mo kà wọ́n ni kò dára. Ìyókù ni èyí tí mo rà nítorí ojú ayé, kí wọ́n lè rí i lọ́wọ́ mi. Aṣọ ẹlòmíì nìyẹn. Bó ti wù kó lẹ́wà tó, kò lè bá mi mu.

Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí ọ̀lẹ a máa pe oríṣi kejì ní oríṣi kìíní. Mo ti ṣe é. Ẹ wo ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀yọ́ wa yìí náà ni Johnson ti ṣe pásítọ̀. Ìwé náà ju ojú ìwé 600 lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pa á dé pé ó ti le jù. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí mo kan orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi, mo bi ara mi pé: ibo gan-an ni mo máa ń dé kí n tó pa á dé? Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni, níbi tó ti ń ṣàlàyé gírámà èdè Yorùbá. Aago mélòó ni mo máa ń kà á? Aago mẹ́wàá alẹ́, lẹ́yìn tí mo ti tẹ máṣíìnì láti àárọ̀, tí iná ti lọ, tí mo ń fi fóònù tan iná sójú ìwé. Gírámà nínú òkùnkùn! Ta ni kò ní sùn?

Mo bá fo gírámà. Àwọn kan gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fo ojú ìwé, bí ẹni pé ẹni tó kọ ọ́ jókòó tì wọ́n. Mo lọ tààrà síbi ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà, mo sì ń kà á láàárọ̀ kí oníbàárà tó dé. Gbogbo ọmọ Ọ̀yọ́ ló ń gbọ́ ọ láti kékeré pé bí o láyà kí o ṣìkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o sòótọ́. Mo ti fi òwe yẹn bá ọmọ wí láìmọye ìgbà. Bí ikú náà ṣe wáyé lábẹ́ Aláàfin Abíọ́dún gan-an, n kò mọ̀ ọ́n títí mo fi kà á.

Ohun tó tún tì mí lójú ni bí ìwé náà ṣe dé ọwọ́ wa. Ní 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sílùú Òyìnbó kí wọ́n bá a tẹ̀ ẹ́, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló ṣa àwọn àkọsílẹ̀ tó kù jọ, tó tún un kọ, ìwé kò sì jáde títí di 1921. Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ò lè kà á lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti kan ìwé tí ẹ pa tì, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ojú ìwé tí ẹ dé, aago tí ẹ máa ń kà á, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé nígbà náà. Bí ìwé mẹ́ta bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà, kì í ṣe ìwé ló pa wọ́n.

Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí

Ìdánwò tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò kà á rí. Kí onítọ̀hún máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ o. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ yóò gbọ́ ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́ta ni mo ń lò. Bí máṣíìnì bá dúró, ìwé náà wà láàyè nínú mi.

Mo sọ ìtàn Àjà Ló Lẹrù fún wọn, èyí tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ọmọ Ọ̀yọ́, gbé jáde ní 1969. Mo ń sọ bí Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣe ń tọpa àwọn ọ̀daràn. Kò pẹ́, máṣíìnì kan dákẹ́, ìkejì tẹ̀ lé e. Ẹni kẹta kò dúró, ṣùgbọ́n apá bùbá tó ń rán, òdì ló rán an. Nígbà tí mo sinmi díẹ̀ kí n mumi, ó pariwo, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró síbẹ̀!" Mo bá a tú bùbá náà, n kò bínú.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ìwé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń là. Ojú ìwé rẹ̀ tó 200, mo sì kà á tán pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ ọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tíì pé tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi: ẹ tọ́jú owó, ẹ tètè jí, ẹ má bá ọ̀lẹ rìn. Máṣíìnì kankan ò dúró. Ọ̀kan kàn béèrè pé, "Ọ̀gá, ṣé ó ti parí ni?" Mo ní ó ti parí. Ìyá mi ti sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Èyí tí kò dára, ẹ sọ ibi tó ti bàjẹ́

"Kò dára" kò tó. Bí oníbàárà bá ní aṣọ kò dára, mo máa bi í pé ọrùn ni àbí abíyá. Ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ́dún yìí jẹ́ ìwé ìtàn Yorùbá kan tí mo rà ní àlòkù. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀, kò tilẹ̀ sí àmì abẹ́ ọ̀rọ̀. Mo kan gbólóhùn kan tó ní obìnrin kan "ko oko re sile". Ṣé ọkọ rẹ̀ ló kọ̀ sílẹ̀ ni, àbí ọkọ̀ rẹ̀ ló kó sílẹ̀, àbí ọkọ́ ló kó wálé láti oko? Ojú ìwé méjì ni mo kà síwájú kí n tó mọ̀ pé ìgbéyàwó ló tú ká. Mo fara dà á dé ojú ìwé 22, mo sì jáwọ́. Ìtàn náà lè dùn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni kò jẹ́ kí n mọ̀. Ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé kí n máa ṣí àárín ìwé wò kí n tó sanwó.

Ìṣirò díẹ̀

Ẹ ka ojú ìwé, ẹ má ka iye ìwé, torí ìwé pẹlẹbẹ mẹ́wàá kò tó Johnson kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìn-ín-ní sí ìparí oṣù kẹfà, ọjọ́ 181 ni, bí kì í bá ṣe ọdún tí oṣù kejì ní ọjọ́ 29. Ẹni tó ń ka ojú ìwé mẹ́wàá lójúmọ́ yóò ti ka 1,810. Mo ro tèmi, kò pé 1,500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú Iléyá ló jẹ ìyókù, n kò sì ní tọrọ àforíjì, torí owó iléèwé àwọn ọmọ ló wà nínú wọn.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí oṣù mẹ́fà tó kù

Ẹ mú ìwé kan ṣoṣo nínú àwọn tí ẹ pa tì, kí ẹ yan aago míì fún un. Èyí tí ẹ rà nítorí ojú ayé, ẹ fún ẹni tí yóò kà á. Mo ti fún olùkọ́ kan lójú ọ̀nà Dọ́bà ní tèmi, ó sì ti kà á tán, ọ̀rọ̀ náà dùn mí díẹ̀. Ẹ má ra tuntun títí ẹ ó fi ka méjì tán nínú ti ilé.

Èyí tí mo yàn ni Johnson. Ó wà lórí tábìlì ìgéṣọ báyìí, àjákù àǹkárá ni mo fi sàmì sí i. Lánàá, ìyá kan kó aṣọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́rin dé, èyí tó kọ́kọ́ wọlé láti ìgbà Iléyá. Bí mo ṣe ń wọn èjìká èyí tó kéré jù, ọmọ iṣẹ́ mi tó rán bùbá lódì yọjú láti ẹ̀yìn máṣíìnì.

"Ọ̀gá, Gáà ti kú àbí kò tíì kú?"

Mo ní kí ó kọ́kọ́ gé kọ́là mẹ́rin yẹn ná.